Mọ́tò mi ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ níwájú, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ta ló mọ̀ nípa mọ́tò níbí ẹ jọ̀ọ́? Mọ́tò mi ti 2008 ni, ó ti rin máìlì 120,000 kọjá, kò sì yọ mí lẹ́nu rí, àfi láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ níwájú lọ́wọ́ òsì tí mo bá ń wà á jẹ́jẹ́ ládùúgbò, ṣùgbọ́n tí mo bá ti bọ́ sí mọ́tówè á dákẹ́ lọ gbári bí ẹni pé kì í ṣe òun. Mo gbé e lọ sí gáráàjì kan nítòsí wa, wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì ló ti kú, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n gba owó tó lé ní 300 pọ́n-ùn, kí n tó délé kọ̀-kọ̀-kọ̀ náà ló tún ń dún. Mo padà lọ bá wọn, wọ́n ní á jẹ́ pé steering rack nìyẹn, irin tó ń bá sítíárìn yí táyà iwájú, 600 pọ́n-ùn. Mo ní ẹ ṣeun, mo gbé mọ́tò mi. MOT mi, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún mọ́tò níbí, sì máa tó pé. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìyábọ̀, Peckham: Ìyá Ìbejì ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kẹ́ ẹ tó náwó mìíràn, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú mọ́tò yẹn jáde ná, jáàkì, sípánà, táyà ìpààrọ̀, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ pátá, kẹ́ ẹ wá wà á lọ wà á bọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń bá mekáníìkì jà lórí irú ariwo yìí, àṣé kéègì epo pupa ló wà lábẹ́ síìtì ẹ̀ látìgbà ayẹyẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Manchester: Òótọ́ ni Bàbá Ìyábọ̀ sọ, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní 600 kankan o. Iṣẹ́ mekáníìkì ni mò ń ṣe, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí wọ́n máa pààrọ̀ páàtì láìtíì mọ ibi tí ariwo ti ń wá. Ariwo mọ́tò kì í dún lásán, ìgbà tó ń dún àti ìgbà tí kì í dún ló máa sọ ibi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ládùúgbò yín á ní bọ́ǹpù oríṣi méjì. Ọ̀kan wà tó gba ojú títì já láti etí kan dé ìkejì, táyà méjèèjì ló máa jọ gùn ún. Èkejì ni onígun mẹ́rin yẹn tí bọ́ọ̀sì máa ń là sáàárín ẹsẹ̀ kọjá láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí wíńdò, ẹ pa rédíò, kẹ́ ẹ rọra gun ti àkọ́kọ́ kí ìdí mọ́tò gún régé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ibi tí títì ti dá, kẹ́ ẹ fi táyà òsì nìkan gun onígun mẹ́rin. Tí ti àkọ́kọ́ ò bá dún tàbí tó kàn dún díẹ̀, tí ti kejì wá ń dún kọ̀-kọ̀, linkage ni, èyí tí wọ́n ń pè ní drop link níbí.

Ìdí ẹ̀ ni pé irin gbọọrọ kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tó so apá òsì mọ́ apá ọ̀tún, anti-roll bar ni wọ́n ń pè é, òun ni kì í jẹ́ kí mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́ ẹ bá ń kọ́nà. Tí táyà méjèèjì bá jọ gòkè, irin yẹn kàn máa bá wọn gòkè ni, ohunkóhun ò lọ́ ọ. Àmọ́ tí ọ̀kan bá gòkè tí ìkejì wà nílẹ̀, irin á máa lọ́, linkage, irin kékeré tó so ó mọ́ apá táyà, ni yóò sì ru gbogbo agbára yẹn, bọ́ọ̀lù kékeré orí ẹ̀ tó bá ti jẹ á wá máa lu ara ẹ̀. Ojú mọ́tówè tẹ́jú ni kò ṣe dún níbẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, ara ṣọ́ọ̀kì gan-an ni wọ́n de linkage mọ́, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ yọ ṣọ́ọ̀kì tí wọn ò ní tú u. Ó yẹ kí ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n lára pé ó ti ń mì. Tàbí kó jẹ́ pé wọn ò dè é le padà.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró o, ẹ jọ̀ọ́.

Ará Houston: Ẹ̀gbọ́n mekáníìkì ẹ kú iṣẹ́ o, tèmi ń dún hùùùù ni, bí mo bá ṣe ń sáré sí i náà ló ń le sí i. Níbí, láti January 2025 Texas ò ṣe safety inspection, irú MOT yín yẹn, mọ́ fún mọ́tò ara ẹni, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ yọjú wo abẹ́ ẹ̀ àfi tó o bá ṣe é fúnra ẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Manchester: Hùùù yẹn jọ bẹ́árìn táyà, irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geerege. Níbi tí títì ti dá, rọra yí sítíárìn sọ́tùn-ún díẹ̀ kó o tún yí i sósì. Tó bá le sí i nígbà tó o yí i sọ́tùn-ún, ti òsì ló sábà máa ń jẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹrù mọ́tò ń tẹ̀ sí. Tí kò bá yí padà rárá, wo ojú táyà, táyà tó jẹ ségesège máa ń dún bẹ́ẹ̀ náà. AutoZone, ṣọ́ọ̀bù páàtì mọ́tò ọ̀dọ̀ yín, máa ń yá èèyàn nírin iṣẹ́, wọ́n á gba owó dípósítì lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á dá a padà tó o bá dá irin wọn padà, o ò ní láti ra ohun tó o máa lò lẹ́ẹ̀kan.

Kẹ́-kẹ́-kẹ́ tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn dópin, CV joint ni, oríkèé irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà. Íìì tó máa dákẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì, páàdì. Àmọ́ tó bá jẹ́ dààànn bíi wáyà tó já, nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí sítíárìn lójú kan, ẹ má wà á mọ́, coil spring, sípíríìnì tó gbé mọ́tò dúró lórí táyà, lè ti ṣẹ́. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù níbí ló ń jẹ ẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Croydon: Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ti wo MOT history mọ́tò yẹn? Ọ̀fẹ́ ni lórí GOV.UK, nọ́ńbà mọ́tò nìkan lẹ máa tẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa ẹ̀ láti 2005 wà níbẹ̀. Ohun tí kò tíì burú débi kí wọ́n fi já a, wọ́n á kọ ọ́ sí advisory, ìyẹn ìkìlọ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Haa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni. MOT tó kọjá: iwájú lọ́wọ́ òsì, anti-roll bar linkage, bọ́ọ̀lù ẹ̀ ti ń mì díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbagada! Mo sì ti gun bọ́ǹpù méjèèjì láàárọ̀ yìí, eléyìí tó gba títì já, kẹ́kẹ́ pa. Onígun mẹ́rin, kọ̀!

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Manchester: Ó ti parí. Ẹ pààrọ̀ ti òsì àti ti ọ̀tún pọ̀ torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ dé ayé. Páàtì yẹn ò wọ́n, ẹ má ra tòkunbọ̀. Nọ́ọ̀tì ẹ̀ sábà máa ń dípẹtà, wọ́n lè ní láti fi ayùn gé e, kò sí wàhálà níbẹ̀. Wọn ò sì gbọdọ̀ gba owó alignment, ìyẹn títo táyà kó dúró gún, lọ́wọ́ yín lórí linkage, kò kàn án. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n yọ nígbà yẹn ló yẹ kí wọ́n ti wo alignment fún. Ṣé wọ́n wò ó?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Kò sí i lórí rìsíìtì wọn o.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Manchester: Ẹ yí sítíárìn dópin níbi tẹ́ ẹ páàkì sí, kẹ́ ẹ fọwọ́ ra etí inú táyà iwájú méjèèjì. Tó bá ti ń dán ju etí ìta lọ, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ síbí.