Bíríkìlà ní búlọ́ọ̀kù 3,800 ni ilé yàrá méjì máa gbà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ẹ̀bùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà kọ́lékọ́lé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé yàrá méjì àti pálọ̀ ní Òṣogbo. Ilé ilẹ̀ ni, mítà 10 ní gígùn, mítà 9 ní ìbú. Bíríkìlà tí àbúrò ọkọ mi mú wá kọ ọ́ sórí bébà péńpé fún mi: búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 9, 3,800, sìmẹ́ńtì, àpò 300, irin 12 mm, tọ́ọ̀nù kan. Mo bi í bó ṣe rò ó, ó ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni, a ti mọ̀ ọ́n lójú." Mi ò fẹ́ pe ọmọ ọlọ́mọ lólè, àmọ́ owó oṣù tíṣà ni mò ń kó jọ. Plánù wà lọ́wọ́ mi. Báwo lèmi náà ṣe lè ṣírò ẹ̀?

Baba Téèpù
Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ kú ìnáwó, Olúwa á bá wa parí ẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó tì ná. "Èló ni wọ́n ń kọ́ ilé yàrá méjì?" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu onílé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí i mú. Iye owó sìmẹ́ńtì lè yí láàárọ̀ ọ̀la, àmọ́ iye àpò tí ògiri yín máa jẹ kò níí yí. Ẹ mọ iye ẹrù ná, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà lẹ máa fi owó ọjọ́ náà sí i.

Ẹ mú plánù, kẹ́ ẹ ro gígùn gbogbo ògiri pọ̀. Ti ìta: 10, 9, 10, 9, mítà 38 nìyẹn. Ti inú, mo fi sí mítà 27 nílé tó bá rí báyìí. Ẹ fi tinú plánù yín rọ́pò ẹ̀. Gbogbo ẹ̀, 65.

Búlọ́ọ̀kù gùn ní 450 mm, ó ga ní 225 mm. Pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kóòṣì kan (ìlà búlọ́ọ̀kù kan lára ògiri) ń gba nǹkan bí 250 mm lóròó, ìyẹn mítà 0.25. Ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, búlọ́ọ̀kù 8 àti díẹ̀ ló máa wọ̀ ọ́, àmọ́ 10 làwa máa ń kọ sílẹ̀. Ó ń fọ́ nínú mọ́tò, ó ń fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń já a sílẹ̀, bíríkìlà fúnra ẹ̀ sì ń gé e sí méjì ní igun ilé. Torí náà, ẹni tó bá tún fi "wéstéèjì" kún 10 yẹn ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ká ní kóòṣì 5 ló wà nínú ilẹ̀: 65 × 5 × 0.25, ó lé díẹ̀ ní 81. Ẹ fi 10 yẹn sọ ọ́ di púpọ̀: búlọ́ọ̀kù 810. Lókè ilẹ̀, kóòṣì 9 kó tó kan lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì (kọnkéré onírin tó ń gba orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kọjá), 3 lórí ẹ̀: 65 × 12 × 0.25, 195. Ẹ yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Ilẹ̀kùn 6, fèrèsé 6, á tó 20. Ó ku 175. Búlọ́ọ̀kù 1,750. Àròpọ̀ ẹ̀, 2,560.

Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Kòtò ìpìlẹ̀ fẹ̀ ní 675 mm, kọnkéré inú ẹ̀ nípọn ní 225 mm: kúbíìkì mítà 10. Ẹ bá a po ó ní ọ̀kan-méjì-mẹ́rin, ìyẹn àpò 1, héèdì páànù yanrìn 4, ti òkúta 8, nítorí àpò kan kún héèdì páànù méjì. Kúbíìkì mítà kan á jẹ àpò 6 ààbọ̀. Ìpìlẹ̀, 65. Jámáánì fulọ̀ (kọnkéré tí wọ́n ń dà sí gbogbo ilẹ̀ ilé) tó nípọn ní 100 mm, nǹkan bí 59. Lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, 21. Títo búlọ́ọ̀kù, àpò kan fún 50, nǹkan bí 51. Gbogbo ẹ̀ ń lọ sí 200. Bó bá ti ka rírẹ́ ògiri mọ́ 300 tiẹ̀, mi ò bá a jà. Búlọ́ọ̀kù ni kò yé mi. Ẹ bi í pé ibo ni 1,240 tó kù ń lọ. Iye tí ẹ ò bá mọ bàbá ẹ̀, ẹ má sanwó lé e.

Ọmọ Onírin
Baba ti sọ̀rọ̀. Ti irin ni kí n fi tèmi sí i. Irin tọ́ọ̀nù kan fún lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì ilé ilẹ̀? Ó ti pọ̀ jù. Tí irin mẹ́rin bá ń lọ gba gbogbo mítà 65 kọjá, mítà 260 nìyẹn. Ọ̀pá kan gùn ní mítà 12, ẹ yọ ibi tí wọ́n ti ń gorí ara wọn, ọ̀pá 23 tàbí 24 ti tó. Ríǹgì 8 mm, irin kékeré tó ń di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wà lọ́tọ̀. Bí ẹnjiníà bá ya pílà tàbí irin ìpìlẹ̀ sínú plánù, ẹ kà á sí i.

Ẹ gbọ́ èyí náà: 12 mm tó pé, nǹkan bí ọ̀pá 94 ló ń wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí oníṣòwò bá ka 110 fún yín, ẹ má yọ̀ pé ó fi èènì sí i. Irin yẹn tín-ín-rín ni.

Ìyá Ẹ̀bùn
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá mi. Mo wọn ti inú, mítà 26 ni. Mo bi í. Ó ní ṣakáwéè (kòtò omi ìdọ̀tí) wà nínú ẹ̀, fẹ́ńsì iwájú náà wà níbẹ̀ (mítà 15, kóòṣì 8), pẹ̀lú ògiri onígun mẹ́ta méjì tó máa gun òrùlé. Nígbà tí mo wá ní kó kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ẹ̀ le díẹ̀.

Baba Téèpù
Ojú ẹ̀ á rọ̀. Fẹ́ńsì yẹn, 15 × 8 × 0.25, 30, búlọ́ọ̀kù 300. Ṣakáwéè pẹ̀lú táńkì ẹ̀, ẹ fi 280 sí i. Ti òrùlé, bó bá ga ní mítà 1.8 láàárín tó sì fẹ̀ ní 9, méjèèjì ò lé ní 165. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, nǹkan bí 3,300. 500 ṣì wà tí kò tíì rí ilé gbé.

Ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀. Ẹ ra 850 fún ìpìlẹ̀ ná, kẹ́ ẹ kà wọ́n fúnra yín bí wọ́n ṣe ń já wọn sílẹ̀. Nígbà tó bá tò ó yọ sókè ilẹ̀, ẹ ka èyí tó ṣẹ́ kù kẹ́ ẹ tó ra òmíràn. Iṣẹ́ títò náà, iye búlọ́ọ̀kù tó bá wà lára ògiri ni kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀, kì í ṣe iye tí mọ́tò gbé wá.