Ráàǹpù, máṣíìnì àti èdè ọwọ́: kí ni ká tún ṣe nílé ìkọ́ṣẹ́ aṣọ wa?

ÌyáOlábẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilé ìkọ́ṣẹ́ aṣọ rírán la ní n'Íbàdàn. Lóṣù tó ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ méjì máa dara pọ̀ mọ́ wa: ọmọbìnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, àti ọmọkùnrin kan tí kò gbọ́ràn rárá.

Bí ilé ṣe rí nìyí. Ilẹ̀ yàrá fi 45 cm ga ju ìta lọ, àtẹ̀gùn mẹ́ta la fi ń wọlé. Láti ara ògiri dé etí gọ́tà jẹ́ mítà 3.2. Ògiri iwájú gùn ní mítà 9, fèrèsé méjì wà lára rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀ ní 75 cm. Bíríkìlà tá a pè ní mítà méjì péré ti tó láti fi ṣe ráàǹpù, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ máa gbà wọlé, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é káàkiri. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ la ní jù, pẹ̀lú íńdọ́síríà méjì (máṣíìnì iléeṣẹ́ tó ń lo mọ́tò) àti wífín kan (èyí tó ń wé etí aṣọ).

Kí ló pọn dandan, kí ló lè dúró dìgbà míì? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́, ẹ má dá mi lóhùn bí ẹni pé báńkì la fẹ́ kọ́.

Kọnkéré_Gidi:
Ìyá, ẹ dá bíríkìlà yẹn dúró ná. 45 cm lórí mítà méjì, òkè ló fẹ́ mọ fún yín yẹn, kì í ṣe ráàǹpù. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ gun irú ẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ á gbéra nílẹ̀, á dà á sẹ́yìn. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ò ní lè dá táyà dúró. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é káàkiri. Ìyẹn náà ló fà á tí ọ̀pọ̀ ráàǹpù ìgboro fi di ibi tí wọ́n ń ti jẹnẹrétọ̀ gbà wọlé.

Ìṣirò rẹ̀ ò le: gíga ẹ̀ẹ̀kan, gígùn ẹ̀ẹ̀méjìlá. 45 lọ́nà 12 jẹ́ 540, ìyẹn mítà 5.4. Kò lè dojú kọ gọ́tà nìyẹn, àmọ́ ó lè fara ti ògiri. Apá ibo lára ògiri ni ẹnu ọ̀nà wà, àárín ni àbí ìpẹ̀kun? Fèrèsé ńkọ́, lúfà ni àbí èyí tó ń ṣí síta?

ÌyáOlábẹ́rẹ́:
Ọwọ́ òsì lẹ́nu ọ̀nà wà, 80 cm ló fi jìnnà sí igun ilé. Fèrèsé kan jẹ́ lúfà, èkejì ń ṣí síta.

Kọnkéré_Gidi:
Ó ti bọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ mọ pèpéle mítà 1.5 sí mítà 1.5 síwájú ẹnu ọ̀nà, kó bá ilẹ̀ yàrá dọ́gba, kí kẹ̀kẹ́ lè dúró níbẹ̀ tó bá ń ṣílẹ̀kùn. Láti orí rẹ̀ ni ráàǹpù á ti máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún mítà 5.4. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ títẹ́jú mítà 1.5, tí ọ̀kadà kankan ò ní páàkì sí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 8.4, tẹ́ ẹ bá ka àjẹkù igun ilé mọ́ ọn, mítà 9 yín gbà á, àmọ́ nǹkan kan ò ṣẹ́ kù. Àtẹ̀gùn lè wà níwájú pèpéle bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2 láàárín irin ìdìmú méjèèjì. Fèrèsé tó ń ṣí síta yẹn máa gbá ẹni tó ń kọjá lójú. Ẹ fi èyí tó ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán làwọn èèyàn máa ń rántí rẹ̀.

Bulọ́ọ̀kù náìn íǹṣì bí 50 máa tó, pẹ̀lú ti ìpìlẹ̀. Sìmẹ́ńtì àpò 6 fún kọnkéré ojú rẹ̀ nìkan, nínípọn 10 cm: sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Ẹ ya ti bulọ́ọ̀kù àti rírẹ́ sọ́tọ̀. Inú rẹ̀, ilẹ̀ pupa ni kí wọ́n fi dí i, ní ìpele 15 cm, 15 cm, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n sì gún un kí wọ́n tó da òmíì lé e. Ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ nìyí. Wọ́n á da àfọ́kù bulọ́ọ̀kù àti ilẹ̀ gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ gbòlọ̀jọ̀. Tí òjò kan bá ti rọ̀, ilẹ̀ á rì, kọnkéré á sán. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù nínípọn sáàárín ilẹ̀ dídí yẹn àti ògiri ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rinrin á máa gùn wọnú yàrá.

Ẹ má lẹ táìsì sójú rẹ̀ o. Kí kọnkéré tó gan, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ líle fà á lójú ní ìbú, kì í ṣe ní òòró, kí táyà lè mú un tí òjò bá pa á. Etí tó kọjú síta, ẹ gbé e sókè ní 10 cm kí wíìlì má bàa yọ́ bọ́. Irin ìdìmú, páìpù íǹṣì kan àbọ̀, gíga 90 cm, kó fi 30 cm kọjá ìpẹ̀kun lókè àti nísàlẹ̀. Ibi tí ráàǹpù ti pàdé ilẹ̀, kí ó má ga ju ilẹ̀ lọ rárá: wíìlì kékeré iwájú tó bá kọlu gegele 2 cm, á dúró gbọnin, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló máa tẹ̀ síwájú lọ ṣubú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ yín jẹ: ẹ gbé lẹ́bẹ́ẹ̀lì gígùn 120 cm lé ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ẹ gbé orí tó wà nísàlẹ̀ sókè títí ìfófòó inú rẹ̀ á fi dúró láàárín. Ẹ wá wọn àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ 10 cm tàbí kó dín, ó dáa. Tó bá jẹ́ 15, ẹ má sanwó tó kù. Kí wọ́n tó da kọnkéré ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n o.

AtúnMáṣíìnìṣe:
Ojú lásán là ń wò tá a bá ní máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ò wúlò fún ọmọbìnrin tó ń lo kẹ̀kẹ́ náà. Orí máṣíìnì dúdú yẹn ò ní ìṣòro, ibi tá a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ní. Ẹ tú pẹ́dà irin àti wíìlì ńlá ìsàlẹ̀ kúrò, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ máa wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀kan nínú méjì.

Ọwọ́ ìyí ni àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ wíìlì ẹ̀gbẹ́. Kò wọ́n, kò sì nílò iná. Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí i, òsì nìkan ló kù fún aṣọ. Ojú rírán tó bá tọ́ ò ní wàhálà. Kọ́là àti ọrùn aṣọ tó ká ni kì í jẹ́ kó dùn ún ṣe. Èmi á ní kẹ́ ẹ ra mọ́tò kékeré tó ní pẹ́dà. Kẹ́ ẹ má gbé pẹ́dà náà sílẹ̀. Ẹ fi skúrù dè é mọ́ pátákó lórí tábìlì, ní ibi tí ìgúnpá ọ̀tún rẹ̀ ń sinmi sí, kó máa fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì lè wà lára aṣọ. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, á máa tẹ̀ ẹ́ jù, aṣọ á sá lọ. Àjákù aṣọ ni kó fi kọ́ ọ.

Íńdọ́síríà: tó bá jẹ́ mọ́tò àtijọ́ tó ń hó láti àárọ̀ dalẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń fò tí wọ́n bá ti kàn án. Mọ́tò sáfò (servo), irú ti ìsinsìnyí, ní ìdíwọ̀n eré. Ẹ yí i wálẹ̀ pátápátá. Wẹ́lídà lè jó irin kan mọ́ ọ̀pá tó so pẹ́dà rẹ̀, kó gbé e gòkè síbi tí ọwọ́ tó, tàbí síbi orúnkún tí ẹsẹ̀ bá ṣì ní agbára díẹ̀.

Abẹ́ tábìlì: gíga 70 cm, fífẹ̀ 80, jíjìn 50. Apá kẹ̀kẹ́ máa ń kọlu etí tábìlì. Ọ̀pọ̀ apá kẹ̀kẹ́ ṣeé yọ, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó lọ gbé tábìlì lé bulọ́ọ̀kù, torí tábìlì tó bá ga jù, èjìká ni yóò máa dùn ún. Tábìlì ìgéṣọ tó ga ní 90 cm, ẹ gé ẹsẹ̀ ọ̀kan sí 75.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kì í ronú sí: báwo ló ṣe máa wọn oníbàárà? Láti orí kẹ̀kẹ́, téèpù rẹ̀ ò ní dé èjìká ẹni tó dúró. Kí oníbàárà jókòó sórí àpótí fún èjìká, ẹ̀yìn àti ọrùn, kó wá dìde fún gígùn.

Físíò_Àdúgbò:
Ẹnu ọ̀nà 75 cm yẹn há. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ fẹ̀ tó 65 cm, ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà sì ń jẹ nǹkan bí 4 cm nínú àyè, ẹ wá fi ìka ọwọ́ tó ń yí táyà kún un. 90 ni kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ dé. Nínú yàrá, 90 cm láàárín máṣíìnì sí máṣíìnì, àti ibì kan tó fẹ̀ tó mítà 1.5 láti yí kẹ̀kẹ́ padà. Ẹ so gbogbo wáyà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀, ìyẹn sì ni mo kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò ju 60 cm lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríbi wọ̀ kì í sọ. Kò kàn ní mumi láti àárọ̀ ni, àrùn ọ̀nà ìtọ̀ á sì máa ṣe é léraléra. Ìlẹ̀kùn tó fẹ̀ tó 80 ó kéré tán, tó ń ṣí síta, ìjókòó tó ga ní 45 cm, irin ìdìmú lára ògiri tó lè gbé ìwúwo èèyàn. Kí wọ́n fi bóòtù dè é dénú bulọ́ọ̀kù, kì í ṣe ìṣó.

Ẹ bi í ní kọ̀rọ̀ bóyá ó ń mọ nǹkan lára ẹsẹ̀. Ẹni tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bá jà máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ lè má mọ̀ rárá: áyọ́ọ̀nù gbígbóná lè jó itan rẹ̀ títí á fi bó kó má mọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù tàbí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lé itan. Ó tún gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó ní ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí egbò má bàa dá sí i lábẹ́. Tìmùtìmù tó nípọn ní 10 cm ni kó jókòó lé. Ẹ má gbẹ́ ihò sí i láàárín o, etí ihò náà gan-an ló ń dá egbò.

Afọwọ́sọ̀rọ̀:
Gbogbo yín ti gbàgbé ọmọkùnrin adití náà. Kò ní ná yín ní àpò sìmẹ́ńtì kankan.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òbí rẹ̀ bóyá ó lọ iléèwé adití. Tó bá lọ, á gbọ́ èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, tó jọ ti Amẹ́ríkà gan-an, torí pé Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà, ló dá iléèwé adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1960. Tí kò bá lọ, àmì inú ilé nìkan ló mọ̀, ẹ máa nílò ẹnì kan látilé rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọ̀gá máa rán aṣọ, kó sì máa ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kan náà ló fi ń wo ọwọ́ yín tó fi ń wo ọ̀rọ̀. Ẹ ṣe é kó rí i, ẹ dúró, ẹ ṣàlàyé, ẹ tún ṣe é. Ẹ má fẹ̀yìn ti fèrèsé nígbà tẹ́ ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú yín á ṣókùnkùn sí i. Ẹ kọ ìwọ̀n sára pátákó, ẹ má pè é lẹ́nu. Wífín tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ́, ìró ló ń fi hàn wá. Ẹ kọ́ ọ kó fọwọ́ kan tábìlì kó mọ̀ bó ṣe ń gbọ̀n nígbà tó dáa àti nígbà tó bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù kí wọ́n má pè é ní "odi". Ó lórúkọ.

Lọ́yà_Kékeré:
Ní kúkúrú: òfin àpapọ̀ tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá di òfin ní oṣù kìíní 2019. Ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé ní 2024. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Iléeṣẹ́ á san mílíọ̀nù kan. Kí ilé ìkọ́ṣẹ́ tó sọ pé "àwa ò lè gba irú yín", kó kà á. Ẹni tí kò bá ríbi wọ̀ lè fi tó aláṣẹ ilé náà létí, ó sì tún lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Èyí tí wọ́n máa ń pariwo, pé kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ jẹ́ akanda ẹ̀dá, iléeṣẹ́ ìjọba ló wà fún, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín.

ÌyáOlábẹ́rẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Bíríkìlà ní lẹ́bẹ́ẹ̀lì kékeré ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lòun ní.

Kọnkéré_Gidi:
Kó wá pátákó tó tọ́, gígùn 120 cm, kó gbé lẹ́bẹ́ẹ̀lì kékeré náà lé e lórí. Kó kọ́kọ́ na okùn mọ́ ara pátákó náà kó rí i pé kò tẹ̀.