Omi ni mo fi pa àwọn tèmi àkọ́kọ́: ìrírí wa nídìí ọgbà inú ilé

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò wa kan bèèrè lánàá pé òun fẹ́ máa gbin ẹ̀fọ́ sílé, kí ni kí òun kọ́kọ́ rà. Kó tó ra ohunkóhun, mo fẹ́ kó gbọ́ tèmi.

Ilé tí mò ń gbé, kọnkéré ni wọ́n dà sí gbogbo àgbàlá rẹ̀. Mo ra garawa ọ̀dà òfìfo mẹ́fà, mo lọ bu yẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi táwọn bíríkìlà ti po sìmẹ́ńtì nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, mo sì rọ ọ́ kún wọn. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, mo gbin ewédú, mo gbin ata rodo. Inú mi dùn débi pé àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ni mò ń bomi rin wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, tẹ̀tẹ̀ ti yọ, ó kún bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹní. Mo pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo jí láàárọ̀, mo bá gbogbo rẹ̀ tó sùn sílẹ̀. Kòkòrò ò jẹ wọ́n, ewé wọn ò pọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tí igi wọn ti kan yẹ̀pẹ̀, ó ti tín-ín-rín bí òwú, ó sì ti dúdú. Ewédú ò tiẹ̀ hù rárá. Ó dùn mí gan-an.

Ìyá mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọn ò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Wọ́n di garawa kan mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde, ó ń rùn bí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún fùfú. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o rì wọ́n sómi ni." Mi ò dá ihò kankan sí ìdí garawa. Omi ò ríbi gbà jáde, gbòǹgbò ò sì rí èémí mí.

Nítorí náà, àbúrò wa, ihò ni kó o kọ́kọ́ dá. Ki ìṣó bọ iná kó pọ́n, kó o fi lu ìdí garawa ní ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àpò ìrẹsì náà dára, ó tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi jáde ju garawa lọ.

Yẹ̀pẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ní iyanrìn púpọ̀, òjò a máa fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ, yẹ̀pẹ̀ lásán ò lè bọ́ ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ dúdú abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń lò báyìí. Tí mo bá bu garawa mẹ́ta, màá fi ìlàjì garawa ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Àwọn tó ń sin adìyẹ pọ̀ lágbègbè wa, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń wá ẹni tó máa bá wọn kó ìgbẹ́ náà kúrò. Ẹ má lò ó ní tútù o, ó máa ń jó gbòǹgbò. Èmi máa ń kó o jọ sábẹ́ ọ̀rá fún bí oṣù méjì, kí n máa rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ti di ti ilẹ̀ òjò, ó ti jinná nìyẹn.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré gan-an. Bí ẹ bá fọwọ́ lásán fọ́n ọn, ojú kan ni yóò kó jọ sí. Ẹ da ṣíbí kan pọ̀ mọ́ ife iyanrìn gbígbẹ kan, ẹ wá máa fọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Ewédú ní tirẹ̀, èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí tèmi fi kọ̀ láti hù. Ìyá mi di í sínú àkísà, wọ́n rì í bọ omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, wọ́n sì yọ ọ́ sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rù pé wọ́n ti sè é. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti hù kún ojú garawa.

Ní ti omi, ẹ ti ìka ìfábẹ̀lá bọ yẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí yẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìka yín, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá gbẹ, àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ bù ú, ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe lórí ewé.

Tẹ̀tẹ̀ tí mo tún gbìn lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ fa èyí tó pọ̀jù láàárín wọn tu, mo sì gé orí àwọn tó kù. Wọ́n tún yọ ẹ̀ka. Mo fi irú àti panla se é lálẹ́ ọjọ́ náà, àbígbẹ̀yìn mi ní kí n lọ fi tòun sí i látinú garawa.

Láti Ṣágámù

Ẹ ṣé gan-an, ìyá wa. Tèmi, tòmátì ni. Oṣù karùn-ún ni, òjò ti ń rọ̀ dáadáa, tòmátì mi ti ga dé orúnkún, ó ti ń tanná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo rí i pé ẹyọ kan rọ, ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ ṣùgbọ́n ó wọ́ sílẹ̀. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo bomi sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mẹ́rin ti lọ.

Bàbá àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa ló ní kí n gé igi rẹ̀ nítòsí gbòǹgbò, kí n fi ojú ibi tí mo gé kan omi tó mọ́ nínú ife gíláàsì, kí n má mì ín. Mo dúró tì í. Láìpẹ́, nǹkan funfun bí èéfín ń fà bí òwú sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí ni, inú ilẹ̀ ló ń gbé, kò sí oògùn tí a lè fín tó máa wò ó sàn. Mo fa gbogbo rẹ̀ tu, mo sun ún.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ata, tòmátì àti ìgbá, ẹbí kan ni wọ́n. Ohun tó pa ọ̀kan lè pa èkejì. Ilá àti ewédú ni mò ń gbìn síbẹ̀ báyìí, inú àpò ni mo sì kó tòmátì sí, pẹ̀lú ilẹ̀ tí mo bù láti ibòmíràn. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò kò jẹ́ kí n sinmi ṣá, mo ní láti fi ọ̀pá yí àwọn àpò náà ká.

Láti Ìpẹru

Ojú fèrèsé kíṣìnnì nìkan ni èmi ní, nítorí náà efinrin ni mo gbá mú. Ẹ má wulẹ̀ ra irúgbìn rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó ìka méjì, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ fi í sínú ife omi, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, gbòǹgbò funfun á yọ. Bó bá ti ń fẹ́ tanná, ẹ já orí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé rẹ̀ á máa kéré sí i. Ewúro tún rọrùn ju ìyẹn lọ: igi tó ti gbó ni kí ẹ gún mọ́lẹ̀ nígbà òjò.

Mo ní ìbéèrè o. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ dúdú tó máa ń kó jọ sábẹ́ ewé ilá, tí èèrà ń tẹ̀ lé, kí lẹ ń ṣe sí wọn?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ yí ewé náà padà, ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan wọ́n dànù. Bí wọ́n bá tún padà wá, ẹ po ṣíbí kékeré ọṣẹ olómi kan mọ́ omi lítà kan, ẹ fín in sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni mo fín tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Èèrà ń tẹ̀ lé wọn torí omi dídùn tí wọ́n ń su ni.

Láti Òde-Rẹ́mọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ títí, ẹnì kankan ò dárúkọ òdòdó. Tannáposó ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ní gbogbo ọ̀sán, yóò pa ẹnu dé. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, yóò máa là níkọ̀ọ̀kan, òórùn dídùn á gba ojú ọ̀nà. A kì í wo aago. Bó bá ti là, a mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti lọ pọn omi alẹ́.

Kóró rẹ̀ dúdú, ó le bí iyèré. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ gbìn ín nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré kó o sẹ́nu, májèlé wà nínú kóró àti gbòǹgbò rẹ̀.

Pupa àti àwọ̀ ìyeyè ni mo ní. Bí ẹnikẹ́ni bá ní funfun ní apá Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìṣarà, kó bá mi fi kóró mẹ́wàá pamọ́. Màá fi ti pupa pààrọ̀ fún un.