Ìbéèrè oní-"bí... bá" nínú ìdánwò LSAT: níbo ni ẹsẹ̀ wa ti ń yọ̀?

Olùbéèrè, Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń múra sílẹ̀ fún LSAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n ti yọ logic games (àwọn ìbéèrè àdììtú lórí bí a ṣe ń to nǹkan) kúrò, apá logical reasoning (níbi tí a ti ń yẹ àlàyé wò bóyá ó bọ́gbọ́n mu) sì ti di méjì tí máàkì wà fún, ìṣẹ́jú 35 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ti ń kùnà ni ìbéèrè tó bá ti ní "if", "only if" tàbí "unless" nínú. Bí mo bá ka àlàyé rẹ̀ tán, á dà bí ẹni pé ó yé mi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá tún ṣubú sínú kòtò kan náà.

Èsì, Leeds
Àbúrò mi, o kú ìmúrasílẹ̀. Èmi kò ṣe LSAT, ṣùgbọ́n mo ṣe Watson-Glaser, ìdánwò ìrònú jinlẹ̀, níhìn-ín nígbà tí mò ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn amòfin, ìṣòro kan náà ni mo sì bá pàdé. Kì í ṣe pé ọpọlọ kò pé. Etí wa ló ń gbọ́ ju ohun tí wọ́n sọ lọ. Bí ìyá ẹni bá ní, "Bí o bá fọ abọ́, màá fún ọ ní ẹran," kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé bí òun kò bá fọ abọ́, kò sí ẹran. Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Àwa la fi kún un, nítorí pé bí a ṣe ń gbọ́ ara wa lágbọ̀ọ́yé nílé nìyẹn. Lójú àwọn tó ṣètò ìdánwò, o lè má fọ abọ́ rárá kí o sì jẹran.

Ní ti "only if", mo máa ń fi "àfi" sọ ọ́ fún ara mi. Wo ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú: ẹni tó fi físà iṣẹ́ wá síbí, tó wà láàárín ọmọ ọdún 18 sí 64, kò lè gba ìwé ìgbélùú títí láé àfi tó bá yege Life in the UK, ìdánwò lórí ìgbé ayé ìlú yìí (ẹ jẹ́ ká yọ àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda nítorí àìlera sẹ́yìn ná). "Àfi" ti fi òdì hàn ọ́ kedere: ẹni tí kò yege kò rí ìwé. Ta ló wá sọ pé ẹni tó yege ti rí i? Ìbéèrè 24 ni wọ́n bi mí, 18 ni mo gbọ́dọ̀ gbà, mo sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ọdún méjì gbáko ni mo tún fi dúró kí iye ọdún tí wọ́n ń béèrè tó pé. Ìdánwò yẹn jẹ́ kòṣeémánìí, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó.

Èsì, Chicago
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi káàdì mẹ́rin tí Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé jáde ní London ní ọdún 1966 kún un. Lẹ́tà wà ní ojú kan káàdì, nọ́ńbà wà ní ojú kejì. Ohun tí à ń rí ni E, K, 4 àti 7. Òfin ni pé bí fáwẹ̀lì bá wà ní ojú kan, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba ló gbọ́dọ̀ wà ní ojú kejì. Káàdì wo ni ó pọn dandan kí a ṣí láti mọ̀ bóyá wọ́n rú òfin náà? Ọ̀pọ̀ èèyàn á mú E àti 4. Ohun yòówù tí ì báà wà lẹ́yìn 4 kò lè ba òfin yẹn jẹ́. 7 ni kí ẹ ṣí pẹ̀lú E, nítorí pé bí fáwẹ̀lì bá lọ wà lẹ́yìn 7, òfin ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ méjì, Griggs àti Cox, fi bíà àti ọjọ́ orí rọ́pò lẹ́tà àti nọ́ńbà (òfin ni pé ẹni tó bá ń mu bíà gbọ́dọ̀ ti dàgbà tó), ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bi sì gbà á. Ẹni tó bá ń ta ọtí kò nílò olùkọ́ láti mọ̀ pé ẹni tó ń mu bíà àti ọmọ ọdún 16 ni kí òun yẹ̀ wò, pé ẹni ọdún 40 lè mu ohun tó wù ú. Bí ìbéèrè bá ta kókó mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa ń gbé e lọ sí ilé ọtí.

Olùbéèrè, Houston
Mo dúpẹ́ gan-an ni. Èyí ló gbé mi ṣubú lánàá: "Gbogbo ẹni tó gba ẹ̀bùn ló fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí. Túnjí fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí. Nítorí náà, Túnjí gba ẹ̀bùn." Wọ́n ní kí n wá ìdáhùn tó ṣe irú àṣìṣe yìí. Mo mú èyí tó ní Bísí kò fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lásìkò, nítorí náà kò gba ẹ̀bùn.

Èsì, Leeds
Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yẹn ni wọ́n fi dẹ ọ́, àbúrò. Ti Bísí kò ní àṣìṣe kankan nínú: fọ́ọ̀mù jẹ́ kòṣeémánìí, kò ní in, kò sì rí ẹ̀bùn. Ti Túnjí ló wọ́, torí pé wọ́n sọ kòṣeémánìí di ohun tó tó. Fi ọwọ́ bo orúkọ àti ẹ̀bùn, kí o kọ A àti B dípò wọn. Ohun tí ò ń wá ni: gbogbo A jẹ́ B, ẹni yìí jẹ́ B, nítorí náà ó jẹ́ A. Ó lè jẹ́ inú ọ̀rọ̀ ẹja tàbí ọkọ̀ ojú irin ni wàá ti bá a.

Olùbéèrè, Houston
Ẹ̀gbọ́n, mo padà lọ wò ó. Ìdáhùn kẹrin ni, ọ̀rọ̀ ajá àti ẹranko elẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló sì dá lé. N kò tilẹ̀ kà á dé ìparí lánàá.