Wákàtí mélòó la máa fi wà níbẹ̀? Ìrírí wa nínú ìrìn-àjò afẹ́ àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan béèrè lánàá pé òun fẹ́ sanwó fún àwọn tó ń kó èèyàn lọ wo omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí òun lọ láàárọ̀ kí òun sì padà sí Ìbàdàn lálẹ́. Ó ní báwo lòun ṣe máa mọ àwọn tó dára. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́ ṣì ń dùn mí títí dòní, ìgbà kejì sì wà lára ọjọ́ tó dára jù láyé mi. Omi kan náà ni o.

Oṣù kẹjọ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìpolówó tí mo rí lórí WhatsApp kó ibi mẹ́ta pọ̀: igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Olúmirin, àti Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, oúnjẹ ọ̀sán sì wà nínú owó náà. Mo ní ibi mẹ́ta lówó ẹyọ kan, èrè nìyẹn. Mo sanwó fún èmi, ìyá mi àti àwọn ìbejì. Wọ́n ní ká pàdé ní Ìwó Road láago mẹ́fà ààbọ̀. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú la ti dúró síbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, torí wọ́n ń retí àwọn kan tó ń bọ̀ láti Èkó.

Ní igbó Ọ̀ṣun, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa. Ibi tí UNESCO kà mọ́ ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé ní 2005, tí ère tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ wà káàkiri, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! A fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì débi odò tí ẹni tó kó wa lọ ti ń pàtẹ́wọ́ pé ó ti tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìyá mi fẹ́ bu omi bọ́jú. Kò rí i bù.

Aago mẹ́ta ti kọjá ká tó dé Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ni omi yẹn ní bó ṣe ń já bọ̀ láti orí òkè, ìpele àkọ́kọ́ nìkan la rí. Ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀, fọ́tò sì gba ìdajì. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó kó wa lọ tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ojú fóònù ni ọ̀kan nínú wọn ti ń ka ìtàn Akínlà, obìnrin tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ rí omi náà, sí wa létí. Òjò ti rọ̀ lóru, ewédò ti bo àwọn òkúta, ọmọbìnrin kan yọ̀, ó ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì bó. Wọn ò mú òògùn kankan dání. Gèlè ìyá mi la fi di apá ọmọ ọlọ́mọ. Ìkógòsì tá a sanwó rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì yí orí bọ́ọ̀sì padà. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó ṣírò rẹ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlógún la fi wà níta. Àádọ́rin ìṣẹ́jú péré lẹsẹ̀ wa fi kan ilẹ̀ ibi tá a sanwó lọ wò. Látọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó mi rìn nìyẹn: wákàtí mélòó la máa fi wà níbẹ̀?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù kọkànlá tí òjò ti ń dá tí omi ò sì tíì fà, mo pe àwọn mẹ́ta. Mo bi wọ́n pé: aago mélòó lẹ máa gbéra bí èrò ò bá tiẹ̀ pé, báwo la ṣe máa pẹ́ tó nídìí omi, ta ló sì máa mú wa gòkè? Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n ṣáà fọkàn balẹ̀. Ìkejì ní tòun ju ti àwọn yòókù lọ, ibi mẹ́rin lòun ń kó èèyàn lọ. Ọmọbìnrin kan lẹ́ni kẹta, ó ní, “Mọ́mì, Olúmirin nìkan la ń lọ. Aago mẹ́fà la máa kúrò. Ọmọ Erin ló ń mú wa gòkè, owó rẹ̀ ti wà nínú owó yín. Ẹni tó bá mú ọmọdé dání ò ní kọjá ìpele kejì o.” Owó tirẹ̀ ló ga jù. Mo san án.

Bàbá tó mú wa gòkè wo ẹsẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó wojú wa. Ó ní kí Táyé bọ́ sílípáàsì, kó fẹsẹ̀ lásán rìn. Ó gé ọ̀pá fún ìyá mi, ó sì fi àdá họ èèpo rẹ̀ dáadáa kó má baà họ wọ́n lọ́wọ́. Bó bá dé orí òkúta kan, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ká tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá fò kọjá láìlù, a ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án. Ká tó dé ìpele kejì, àwọn ìbejì ti mọ̀ ọ́n, àwọn ló ń lu òkúta fún ìyá àgbà. Omi ń fọ́n sí wa lójú, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa. Ìyá mi jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ kan, wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọnú omi, wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n wá ní, “Mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí tó báyìí.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin tá a fi wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la délé.

Ọmọ Ìdànrè, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló ń mú àlejò gun Òkè Ìdànrè, èmi náà máa ń bá wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti rí ohun tẹ́ ẹ sọ yìí láìmọye ìgbà.

Àwọn tó bá ti Èkó wá tí wọ́n sì fẹ́ padà lọ́jọ́ náà, aago méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sábà ń dé. Oòrùn ti mú àpáta gbóná nígbà yẹn. Àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ máa gùn lé ní 600, orí òkè gan-an ni ìlú àtijọ́ sì wà: ààfin Ọwá pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn baba wa tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré nítorí bọ́ọ̀sì, orí àtẹ̀gùn ni gbogbo agbára rẹ̀ máa tán sí. Á débẹ̀, á ya fọ́tò, á yí padà, ìlú tó gun òkè tìtorí rẹ̀ kò ní rí i.

Mo rí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ní àwọn ò nílò ọmọ ìlú, pé ẹni tó kó àwọn wá mọ ibẹ̀. Wọ́n kọjá lára ẹsẹ̀ Agbóògùn láìmọ̀. Ojú ẹsẹ̀ tó wà nínú àpáta ni, a máa ń sọ pé kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu. Mo pè wọ́n padà. Obìnrin kan nínú wọn ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ náà ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

Àbá tèmi fún ará Èkó ni pé kí ẹ sun Àkúrẹ́ mọ́jú. Kò tó 30 kìlómítà sí Ìdànrè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láago méje, nígbà tí ìkùukùu ṣì wà lórí àwọn òkè, kẹ́ ẹ tó jókòó wo àwọn oko kòkó nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ má retí pé ẹ máa ríran jìnnà.

Ará Glasgow

Ẹ ǹlẹ́ o. Àwọn òbí mi wá kí wa níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí àwọn òkè Scotland. Adágún omi Loch Ness ni gbogbo ayé ń pariwo, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka àwọn wákàtí rẹ̀, orí ìjókòó lèyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà máa lọ. Mo mú Glencoe, àfonífojì kan láàárín àwọn òkè, nínú bọ́ọ̀sì kékeré elérò 16, tó gba etí adágún Loch Lomond kọjá. Ohun tó mú mi yàn án ni pé wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti máa dúró àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa lò síbẹ̀.

Awakọ̀ náà ló tún ń ṣàlàyé, èmi sì ń túmọ̀ fún màmá. Nígbà tá a dé àárín àwọn òkè náà, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní February 1692. Àwọn ọmọ ogun ìjọba dé sọ́dọ̀ ẹbí MacDonald tó ń gbé ibẹ̀ bí àlejò, wọ́n sùn nílé wọn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n bá wọn jẹun. Lójú òru ọjọ́ 13 ni wọ́n dìde pa bí èèyàn 38. Màmá mi bi mí pé, “Lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ wọn tán?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wo àfonífojì náà, òjò wínníwínní ń rọ̀ sí wọn lára, wọn ò bìkítà. Awakọ̀ rí i. Ìdúró ogún ìṣẹ́jú ló sọ di ọgbọ̀n, kò pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ mú aṣọ òjò dání, kódà nínú oṣù keje. Ẹ sì ra òògùn kòkòrò, wọ́n ní nǹkan kan níbí tó jọ kantíkantí ilé wa gẹ́lẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ará Glasgow, ẹ bá mi kí màmá. Ọmọ Ìdànrè, mo ti gbà. Nínú oṣù kejìlá, àwa mẹ́fà máa sun Àkúrẹ́ mọ́jú. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 71 báyìí, ọ̀pá Erin-Ìjẹ̀ṣà sì ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ibo nínú àwọn àtẹ̀gùn yẹn ló máa ń le jù fún àgbàlagbà, ibi tí wọ́n ti lè jókòó sinmi ha wà nítòsí ibẹ̀ bí?