Omi tó ń ti orí òkè bọ̀: báwo làwọn ìlú olókè ṣe ń bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ṣe é?

omo_majidun

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Mo ní ìbéèrè kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ pẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn. Gbogbo àwa tá à ń gbé Májídùn, Itowolo, Agboyi àti gbogbo apá ibẹ̀ yẹn la mọ̀ pé omi tó ń wọlé tọ̀ wá kì í ṣe òjò Ìkòròdú nìkan. Ìgbà míì òjò á ti dá, oòrùn á ti yọ, àwọn èèyàn á ti sá aṣọ sórí okùn, ìgbà yẹn gan-an lomi á wá máa yọ́ wọlé látẹ̀yìnkùlé, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, nígbà tó bá máa fi fà, yẹ̀pẹ̀ ni wàá máa kó nílẹ̀ pálọ̀, yẹ̀pẹ̀ tó kúnná tí kì í ṣe ti àdúgbò wa rárá. Odò Ògùn ló gbé e wá, láti àwọn òkè apá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ṣakí lọ́hùn-ún, ó gba Abẹ́òkúta, ó wá já sọ́dọ̀ wa kó tó wọ ọ̀sà.

Àwa wá ń gbẹ́ gọ́tà lọ́dọọdún, à ń fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu ọ̀nà sókè, ẹni tó lówó á da sáńdì sí tiẹ̀ títí ilé ẹ̀ á fi ga ju ti aládùúgbò lọ, omi á wá yà lọ bá aládùúgbò. Ìyẹn ò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láéláé.

Mo gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí òkè pọ̀ sí máa ń pawọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí yìí, pé ẹni tó wà lókè àtẹni tó wà nísàlẹ̀ jọ ń jókòó sọ ọ́, wọ́n sì ń lo igi, koríko àti òkúta níbi táwa ò bá ti da sìmẹ́ǹtì. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Ta ló ń sanwó? Ṣé koríko lè dá omi dúró lóòótọ́? Mo fẹ́ gbé e lọ sípàdé CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ni, mi ò sì fẹ́ lọ sọ ohun tí mi ò mọ̀dí.

Tisa_Epe

Ìbéèrè yìí dáa gan-an. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa náà, torí odò Ọ̀ṣun tó ti Ìgèdè-Èkìtì bọ̀, ọ̀sà Lẹ́kí lẹ́bàá wa níbí ló ń já sí.

Èyí tó tóbi jù nínú irú àjọṣe yẹn wà ní Éṣíà, lórí òkè Hindu Kush àti Himalaya. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló pín in láàárín ara wọn: Afghanistan, Pakistan, Íńdíà, Ṣáínà, Nepal, Bhutan, Bangladesh àti Myanmar. Lọ́dún 1983 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ sí Kathmandu ní Nepal, ICIMOD ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa bá gbogbo wọn ṣọ́ òkè yẹn. Odò ńlá mẹ́wàá ló ń ṣàn wá látibẹ̀, Ganges, Indus àti Yangtze wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ń gbé lórí òkè náà tó mílíọ̀nù 240, àmọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ju bílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Ẹ wá wò ó, Íńdíà àti Pakistan ti jagun, Íńdíà àti Ṣáínà náà ti jagun, ọ̀rọ̀ ààlà ò sì tíì tán láàárín wọn dòní, síbẹ̀ wọ́n jọ jókòó sínú ẹgbẹ́ yìí. Ohun tó fà á ni pé yìnyín tó ti dì gbagidi sórí òkè yẹn láti ayébáyé ti ń yọ́. Ìwádìí tí ICIMOD gbé jáde lọ́dún 2019 sọ pé bí ayé bá tiẹ̀ gbìyànjú débi tí ooru ayé ò fi lé ju 1.5°C lọ sí bó ṣe wà kí iléeṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé, ìdá kan nínú mẹ́ta yìnyín yẹn ṣì máa lọ kí ọdún 2100 tó dé. Bó bá sì ti ń yọ́, omi ẹ̀ á máa gbá jọ sórí òkè, ohun tó sé e mọ́ ò ju òkúta àti ẹrẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú irú adágún omi bẹ́ẹ̀ já ní Sikkim ní Íńdíà ní oṣù kẹwàá 2023, South Lhonak lorúkọ ẹ̀, ó gbé dáàmù ńlá kan tí wọ́n fi ń mú iná jáde lọ, àwọn èèyàn sì kú. Kò sí orílẹ̀-èdè tó lè dá ṣọ́ nǹkan báyẹn, torí omi tó já lọ́dọ̀ ẹnì kan, ìlú ẹlòmíì ló máa bá.

Àmọ́ ICIMOD ò lè pàṣẹ fún ìjọba kankan o. Ìmọ̀ ni wọ́n jọ ń pín, bí odò ṣe ń ga, bí òjò ṣe ń rọ̀, ohun tó ṣiṣẹ́ níbì kan tí ibòmíì lè dán wò. Ti Yúróòpù ló le díẹ̀, àwọn tó pín òkè Alps fọwọ́ sí àdéhùn tó ní òfin nínú lọ́dún 1991, títí kan bí wọ́n ṣe máa ṣe igbó àti ilẹ̀ orí òkè wọn.

mama_Ridwan

Ẹ ṣeun Tíṣà, mo kà á dáadáa. Àmọ́ àwa ò ní yìnyín o, a ò sì ní Himalaya. Ibi tó ti dùn mí ni pé kí ló kan ẹni tó wà lókè? Omi ò wọ ilé tiẹ̀. Èmi ò rí bí àgbẹ̀ kan lÓkè-Ògùn ṣe máa fi oko ẹ̀ sílẹ̀ kó lọ gbin igi torí kí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ mi n'Íkòròdú má bàa tutù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

OkeOgunNiMi

Màámi, ẹ ò parọ́ rárá. Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, Ọ̀gọ́lọ́ńtọ ni mò ń gbé báyìí, mo sì máa ń lọ sílé dáadáa. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Èédú ni. Èédú tá à ń fi sun ẹran n'Íkòròdú yìí, tá a fi ń dáná nígbà tí gáàsì bá wọ́n, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ló ti ń bọ̀. Wọ́n á gé igi, ayín ni wọ́n fẹ́ràn jù torí èédú ẹ̀ máa ń le, bí wọn ò bá rí ayín mọ́ wọ́n á gé èyí tí wọ́n bá rí, àní igi òrí tí àwọn ìyá wa ń rí owó nínú ẹ̀. Wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á da koríko tútù lé e, wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á finá sí i, á máa rú èéfín fún ọjọ́ mélòó kan láìjó gbùù. Lẹ́yìn náà wọ́n á rọ ọ́ sápò, ọkọ̀ á wá kó o. Òkè tí wọ́n gé igi ẹ̀ tán, ó dà bí orí tí wọ́n fá, òjò àkọ́rọ̀ kan péré ló máa fọ yẹ̀pẹ̀ òkè ẹ̀ lọ sódò, òkúta lẹ máa rí nílẹ̀.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ní òun fẹ́ rì yín o. Owó iléèwé ọmọ ni wọ́n ń wá, owó ajílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ìjọba á ní kí wọ́n má gégi mọ́, kò sì fún wọn ní nǹkan míì tí wọ́n máa ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jáwọ́, kó mú nǹkan dání wá.

Tisa_Epe

OkeOgun, ẹ ti sọ̀rọ̀. Nǹkan tẹ́ ẹ sọ yẹn ni wọ́n rí ní Kẹ́ńyà. Ìlú Nairobi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo omi tí wọ́n ń mu ló ń wá láti odò Tana, tó ti òkè Aberdare àti òkè Kenya ṣàn wá. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ló ń ro gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn, yẹ̀pẹ̀ wá ń wọ́ wọ dáàmù, omi ò mọ́, owó tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ iná náà ń yọnu. Lọ́dún 2015 wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń lo omi yẹn, iléeṣẹ́ omi, iléeṣẹ́ iná àtàwọn oníṣòwò ńlá, ni wọ́n ń dá owó sí i, owó yẹn ló ń lọ bá àgbẹ̀ lókè. Kò pọn dandan kó jẹ́ owó lọ́wọ́ o: irúgbìn igi ni, ihò ìkómisí tí wọ́n tẹ́ ike sí nínú oko ni, ẹni tó máa kọ́ wọn níṣẹ́ ni.

Koríko tí wọ́n sì ń gbìn, ẹ mọ̀ ọ́n, eèsún wa yìí náà ni. Wọ́n á gbìn ín ní ìlà-ìlà, kó dábùú òkè, kó má ṣe sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé òkè. Bí omi bá ti ń sáré bọ̀, á kan ìlà àkọ́kọ́, eré ẹ̀ á dín, yẹ̀pẹ̀ tó gbé á jókòó síbẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀yìn ìlà yẹn á ga, oko á di pẹpẹ-pẹpẹ fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ru òkúta kan. Àgbẹ̀ á tún máa gé eèsún yẹn fún màlúù ẹ̀ jẹ, ìyẹn ló fi ń tọ́jú ẹ̀, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi dára ju igi tí wọ́n kàn ní kó gbìn tí kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Quito ní Ecuador ti ṣáájú wọn láti ọdún 2000, iléeṣẹ́ omi ibẹ̀ ń yọ lára owó tí aráàlú ń san fún omi, ó ń lò ó fún igbó orí òkè. Nepal ní tiẹ̀, ìjọba yọ ọwọ́ nínú ọ̀pọ̀ igbó, ó gbé e fún àwọn ará abúlé pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì máa jẹ nínú ẹ̀. Igbó tó jẹ́ nǹkan bí 26% ilẹ̀ wọn lọ́dún 1992 ti di nǹkan bí 45% lọ́dún 2016. Ká má sì rò pé òyìnbó ló mú un wá, ẹ lọ wo Sukur ní Adamawa, lórí òkè Mandara lẹ́bàá Kamẹrúùnù, òkúta lásán ni wọ́n tò tí wọ́n fi pín òkè sí pẹpẹ tí wọ́n ń dáko lé, kò sí sìmẹ́ǹtì kankan níbẹ̀. UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1999, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

OmoAgbadarigi

Ẹ jẹ́ kí àwa ará Àgbádárìgì náà dá sí i. Odò Ògùn yín ṣì wà nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Àwa ńkọ́? Odò Ouémé ń ti ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀ níbi tí òkè wà bọ̀, ó ń já sí ọ̀sà Nokoué àti ti Àjàṣẹ́, ọ̀sà Àjàṣẹ́ yẹn ló sì lọ pàdé omi tiwa níbí. Bí wọ́n bá pa igbó run lọ́hùn-ún, ta la fẹ́ lọ bá?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ Lagdo. Odò Benue, orí òkè Adamawa ní Kamẹrúùnù ló ti ń ṣàn wá. Kamẹrúùnù parí dáàmù Lagdo lọ́dún 1982, àdéhùn sì ni pé Nàìjíríà á kọ́ tiẹ̀ sí Dasin Hausa kó lè máa gba omi tí wọ́n bá ṣí. Títí dòní a ò kọ́ ọ parí. Lọ́dún 2012 òjò pọ̀, wọ́n ṣí Lagdo, omi yẹn àti ti odò Ọya kún pa pọ̀, ó lé ní 360 èèyàn tó kú, ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó sá kúrò nílé. A ní àjọ odò Ọya o, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀, látorí Guinea níbi tí òkè Fouta Djallon wà títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí ò lè gba omi dúró tí ẹnì kan ò bá ṣe ìpín tiẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ sípàdé yín nìyẹn.

omo_majidun

Ọlọ́run á san yín lóore. Èyí tí àwọn àgbà àdúgbò máa bi mí ni pé tá a bá ṣe gbogbo ìyẹn, ṣé omi ò ní wọlé mọ́?

Tisa_Epe

Má ṣe ṣèlérí ìyẹn fún wọn. Igi àti koríko máa dín yẹ̀pẹ̀ kù gan-an, wọ́n máa jẹ́ kí omi kékeré àti ti àárín rọra wá. Ọdún tí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ilẹ̀ ti mumi yó, igbó ò lè gba gbogbo ẹ̀. Apá tiwa náà ṣì wà níbẹ̀: irà tá à ń da sáńdì sí láti kọ́ ilé ní Ìbèṣè àti káàkiri ìgbèríko ọ̀sà, ibẹ̀ ni omi ti ń sinmi tẹ́lẹ̀. A ò lè ní kí ará Ìṣẹ́yìn má gégi kí àwa máa kún irà.

mama_Ridwan

Òótọ́ ni o. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an, irà ni nígbà tá a kó débẹ̀, ẹja ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Ó ti di ẹ̀ṣtéètì. Mo máa wá sípàdé yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fọjọ́ ẹ̀ síbí.

OkeOgunNiMi

Ẹ̀gbọ́n Májídùn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí omi bá dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun èédú jù, torí oko ò sí, kò sówó. Ẹ wá kí oko ìkórè tó tán pátápátá. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ àwọn tó ń sun ún, àti àwọn ìyá tó ń ṣe òrí, torí àwọn ìyá yẹn ò fẹ́ kí wọ́n gé igi náà rárá, wọn ò kàn rí ẹni gbè wọ́n lẹ́yìn ni. Mo lè mú yín lọ.

omo_majidun

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ìpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. OkeOgun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá sọ ti èédú yẹn fúnra yín, bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí gan-an.