Ta ni `catch (Exception e)` ti jẹ́ kí ojú ẹ̀ rí màbo?

Àjàlá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kódù Java ẹlòmíì ni wọ́n gbé fún mi, ibi tí mo yíjú sí, `catch (Exception e) {}` ni: ó ń gbá àṣìṣe tó bá yọ (exception) mú, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ sọ tiyín kí n lè fara dà á.

Ìyá Ṣọlá: Fáìlì owó oṣù ni tiwa. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé IOException (àṣìṣe kíka tàbí kíkọ fáìlì) nìkan ló lè yọjú, ó fi Exception gbá gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó ní kí log (àkọsílẹ̀ ohun tí kódù ń ṣe) máa sọ pé "fáìlì ò sí". A wá fáìlì títí, fáìlì wà níbẹ̀ gbangba! Àṣé ẹnì kan ti tẹ "45,000" tòun ti kọ́mà. Integer.parseInt, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ò mọ kọ́mà, NumberFormatException ló jù.

Dúdúyẹmí: "Fáìlì ò sí" 😂😂 mo kú o

Baba Kódù: Ẹ̀bi Exception kọ́ nìyẹn. Ká ní ó tẹ stack trace (tó ń fi ibi tí àṣìṣe ti yọ hàn) jáde ni, ẹ ò bá ti rí i kíá.

Ìyá Ṣọlá: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń ka log? Iṣẹ́ ṣáà ń lọ, òṣìṣẹ́ ò sì rí owó gbà.

Àjàlá: Ẹni yẹn ṣì wà níbi iṣẹ́?

Ìyá Ṣọlá: Òun ni ọ̀gá wa báyìí.

Baba Kódù: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń gbádùn. Kí Java 7 tó dé ní 2011, catch mẹ́ta tó jọra bí ìbejì la máa ń tò. Ẹ̀yin kàn ń kọ `IOException | SQLException` sínú catch kan ṣoṣo.

Tẹ̀mi_ò_yé: Ẹ má sáà kó FileNotFoundException àti IOException pọ̀ síbẹ̀. Ọmọ ni ti àkọ́kọ́ jẹ́ fún èkejì, compiler (tó ń yẹ kódù wò kó tó ṣiṣẹ́) ò ní gbà.

Dúdúyẹmí: InterruptedException ló fojú mi rí nǹkan. Exception gbé e mì, thread (iṣẹ́ kan tó ń lọ nínú kódù) ò mọ̀ pé wọ́n ní kó dúró, ó ń yí nínú while. `kill -9`, àṣẹ tó ń fipá pa ètò, la fi pa á. Ẹ máa pe `Thread.currentThread().interrupt()` padà o.

Kọ́lá_K: Ẹ bọ́ sí Kotlin, èdè kódù míì. Kò sí checked exception (àṣìṣe tí compiler ń fipá mú ẹ láti bójú tó) níbẹ̀.

Tẹ̀mi_ò_yé: Wọ́n ti dé. Ta ló ránṣẹ́ pè yín?

Àjàlá: Pé compiler ò fipá mú ẹ ò ní kí fáìlì má sọnù o, Kọ́lá.

Baba Kódù: Èmi ṣì ń fi Exception sí ẹnu ọ̀nà ibi tí request (ohun tí oníbàárà béèrè) ti ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi.

Tẹ̀mi_ò_yé: Ìyẹn ò burú sà, bẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sí log. Throwable, tó ń gbá ohun gbogbo mú, ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀; kí lẹ fẹ́ fi OutOfMemoryError (memory ti tán) ṣe?